Ìyá Ọkọ Mi Di Ọ̀gá Ilé Iṣẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò ọdítì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo fìdí rẹmi. Ìdánwò àṣekágbá àwọn oníṣirò owó ni, lórí bí a ṣe ń yẹ ìwé owó ilé iṣẹ́ wò. Mo ti yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù, òun nìkan ló ń fà mí sẹ́yìn. Òfin àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kò sì ní kọ́lọ́fín kankan: bí mo bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo èyí tí mo ti yege nínú rẹ̀ á di òfo, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti lóyún, mo ti bí, mo sì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Èmi, kí n tún wá bẹ̀rẹ̀? Mo mọ ara mi. Mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó jẹ́ kí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango-Ọ̀tà, ike là ń ṣe níbẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́ẹ̀gì. Èròjà tí a fi ń ṣe wọ́n, òkè òkun ló ti ń wá, náírà wa kò sì já mọ́ nǹkan lójú àwọn tó ń tà á. Ẹ̀rọ kan á máa ṣiṣẹ́, àwọn tó kù á máa sùn. Gbogbo ènìyàn ń ráhùn, èmi náà ń bá wọn ráhùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀. Tí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́, kí ni akọ̀wé owó fẹ́ ṣírò? Tó bá ti di ọ̀sán, ọ̀fíìsì wa á pa lọ́lọ́. Màá bọ́ bàtà, màá na ẹsẹ̀ sórí páálí, màá sì yọ ìwé ọdítì mi jáde.

Ọkùnrin kan wà ní Àtàn tó ti yege ìdánwò náà ṣáájú mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n. Ní ọjọ́ Sátidé, màá gbé àwọn ìdáhùn tí mo fi ń dánra wò lọ bá wọn. Ìbéèrè tó fa gbogbo wàhálà yìí rèé: ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kan sọ pé ọjà pọ̀ nínú sítọ́ọ̀ òun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọdítọ̀ wọ ibẹ̀ lọ wò ó. Kí ni ọdítọ̀ yóò ṣe? Ẹ̀gbọ́n ka ìdáhùn mi, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún un kà, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi," wọ́n ní, "ṣé iṣẹ́ ọdítọ̀ lo fẹ́ ṣe ni, àbí o fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó?"

Ohun tí mo kọ ni pé màá kọ́kọ́ bẹ ọ̀gá náà. Tí kò bá gbà, màá wá àgbàlagbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún, kí ó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tó bá ṣì kọ̀, màá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, torí ènìyàn ńlá ni.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí àgbà bá ní òun ti jẹun, ṣé a máa ní kó la ẹnu ká wò ó ni? Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó wà nínú ìwé. Mo lè kà á lórí bí ọmọ kéwú ṣe ń ka Fátíà. Àmọ́ bí ìbéèrè bá ti ní "ọ̀gá àgbà" báyìí, bàbá onírun funfun kan ni mo máa ń rí, nínú agbádá, ọwọ́ mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ lórí ìwé. Bí mo ṣe fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

"Wá ẹni tí o kò lè sọ 'rárá' fún," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Kó máa ṣe ọ̀gá, kí ìwọ máa sọ ọ́ fún un títí tó fi máa mọ́ ẹ lẹ́nu. Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ọkọ mi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra ni mo ti ń sọ rárá fún un."

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ń bẹ nílé. Ìwó ni wọ́n ti wá bá wa wẹ ọmọ. Obìnrin kúkurú ni wọ́n, ohùn wọn ló ga jù wọ́n lọ, wọ́n sì fẹ́ràn àpárá bí ẹni fẹ́ràn oyin. Tí wọ́n bá ní kí n fi ata kún ọbẹ̀, màá fi kún un; tí wọ́n bá ní kí n bù ú kúrò, màá wá bí mo ṣe máa bù ú kúrò. Mi ò tíì sọ rárá fún wọn rí láyé mi. Ọkọ mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn, mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n kàn ní, "Lọ gbé agbádá Iléyá rẹ wá."

Bí wọ́n ṣe di ọ̀gá nìyẹn. Wọ́n wọ agbádá, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n dé fìlà, wọ́n fi awò ojú dúdú ọkọ mi sí i, wọ́n jókòó sórí àga tìmùtìmù lábẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀tà.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ káalẹ́, sà. Ọdítọ̀ ni mí. Ọjà tí ẹ ní ó wà nínú sítọ́ọ̀ ni mo wá wò."

"Ọjà wà níbẹ̀."

"Mo fẹ́ fojú ara mi rí i ni, sà."

Wọ́n rọra yọ awò ojú. "Ṣé òpùrọ́ lò ń pè mí ni?"

"Háà! Rárá o, sà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ó dáa, máa lọ."

"Ẹ ṣé, sà."

Mo sì yí padà, mo ń lọ lóòótọ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí àpótí.

Láti ọjọ́ náà, kí wọ́n tó kírun Màgáríbì, eré wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀gá kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí, wọ́n á bínú. Lọ́la, wọ́n á fi Ọlọ́run búra, "Wàláì, ọjà ń bẹ níbẹ̀." Ní ọjọ́ kan, wọ́n kì mí lóríkì títí orí mi fi wú, kí n tó mọ̀, mo ti ní màá fọwọ́ sí ìwé owó wọn. Ọjọ́ mìíràn, ọmọ mi ni wọ́n gbé sókè: "Nítorí èyí, ṣé o ò ní ṣàánú mi?" Ta ló fẹ́ kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo gbìyànjú láti nàró ṣánṣán, kí n le ojú, bí mo ṣe rò pé ọdítọ̀ gidi máa ń ṣe. Ohùn mi á máa gbọ̀n, wọ́n á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ kò jẹ́ kí n sinmi látàárọ̀, mi ò sì tètè dìde. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo wà tí ọ̀rọ̀ fi jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ má bínú, sà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an ni. Ọjà tí mi ò rí, mi ò lè kọ ọ́ pé mo rí i. Tí ẹ ò bá jẹ́ kí n wọlé, màá kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé ẹ ò jẹ́ kí n wọlé."

Wọ́n jágbe mọ́ mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Wọ́n kì mí, wọ́n gbé ọmọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mi ò dìde, mi ò sì yí ọ̀rọ̀ padà, ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Àṣé ènìyàn lè kúnlẹ̀ kó má sì gbà! Gbogbo ọdún tí mo ti ń kúnlẹ̀, mo rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ìyá ọkọ mi bọ́ agbádá, wọ́n ní ooru ń mú àwọn, wọ́n sì lọ ṣàlùwàlá.

Wọ́n ti padà sí Ìwó kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Nínú gbọ̀ngàn l'Ékòó, mo ṣí ìwé ìbéèrè, ọ̀gá àgbà kan tún ti jókòó sínú rẹ̀ dè mí: ó fẹ́ kí ọdítọ̀ sáré fọwọ́ sí ìwé kó tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Mo ní, ẹ káàbọ̀, sà. Mo bọ̀wọ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, mi ò sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí èsì jáde, Ẹ̀gbọ́n ló gun ọ̀kadà wá láti Àtàn, wọ́n dúró sí géètì ilé iṣẹ́ wa, wọ́n ń pariwo pé mo yege. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ wọn ń sùn rí iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà: wọ́n ń lu bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń jó. Ọ̀gá wa ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn kì í fi ìwé owó sílẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Ìwó ni a gbà lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ìyá ọkọ mi dì mọ́ mi, wọ́n pa adìẹ, wọ́n pe gbogbo agbo ilé wá wò mí. Nígbà tí àlejò ti lọ, tó ku àwa méjì, wọ́n fà mí mọ́ra, ohùn ńlá wọn sì rẹlẹ̀.

"Ìyàwó mi, ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Ọkùnrin wo, Màmá?"

"Ọ̀gá yẹn, tó ní o kò gbọdọ̀ wọ sítọ́ọ̀ òun. Bó o ṣe kọ̀ fún un yẹn, ṣé kò ní bá ẹ ṣọ̀tá? Èmi ni mo kọ́ ẹ ní rárá yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé láti Ọ̀tà, kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣe ẹ́ ní ibi."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbọ̀n mí. Mo la ẹnu láti sọ fún wọn pé kò sí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, pé inú ìwé ìbéèrè ló ń gbé. Ìgbà náà ni mo tún un rò. Iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ láti máa ṣe yìí, ọ̀dọ̀ irú ọkùnrin náà gan-an ló máa gbé mi lọ, kì í sì í ṣe lábẹ́ igi fúrúùtù. Omi bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ inú mi ń dùn.

"Màmá," mo ní, "àwa méjèèjì ò tíì pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá àdúrà yẹn dúró."