Ilé Ìwé Mùtíù Oníbáàgì

Mùtíù tí à ń wí yìí, báàgì ìrìn-àjò ló ń tà ní Ìsàlẹ̀ Gángan, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì kọjá Kútọnu rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó lọ náà, èébì ló bì lọ, èébì ló bì bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ óò rò pé kò sí ìlú tí kò mọ̀ láyé. Irú wọn pọ̀ l'Ékòó, ẹnu ni wọ́n fi ń wọ bàálù.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ó rí fídíò àwọn òyìnbó kan tó ń kó ọmọ wọn káàkiri ayé, tí wọ́n ní ìrìn-àjò ni ilé ìwé àwọn. Kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. Ó lọ yọ Khairiyyah, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Ikrimah àbúrò rẹ̀ kúrò nílé ìwé.

"Ìyá Khairiyyah, ayé gan-an ni school," ó ní. "Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ tí mi ò lè fi hàn wọ́n?"

"Bàbá Khairiyyah, ẹ jọ̀ọ́, common entrance ọmọ yìí ń bọ̀," ni Afusat ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

"Common kí ni? Exposure ni kókó!"

Ẹ wá wo exposure. Láràárọ̀, Mùtíù á mú báàgì tuntun méjì ní ṣọ́ọ̀bù, òfìfo, ọ̀rá ṣì wà lára wọn, á ní kí àwọn ọmọ máa wọ́ wọn lọ. Wọ́n á wọ́ wọn dé iwájú Ìga Ìdúngánràn, ààfin Ọba Èkó, á ká wọn sí fídíò. Wọ́n á wọ́ wọn dé etí ọ̀sà, á ní kí wọ́n juwọ́. Kò ní sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn, torí òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n máa sọ nìkan ló ń kọ́ wọn: àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ghana dé ni. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, òun á wá sọ iye báàgì àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ìpolówó ọjà lásán ló wọ ẹ̀wù ẹ̀kọ́ fún. Àwọn aládùúgbò á máa kígbe pé, "Ẹ kú àbọ̀ o, ará Ghana!" Mùtíù á sì máa dá wọn lóhùn, kò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi òun ṣe.

Inú Afusat ò dùn rárá. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní tẹ́lẹ̀ ti ń gbàgbé ìṣirò, ìdánwò sì ń sún mọ́lé. Ó rojọ́ títí, ó sú Mùtíù. Mùtíù ní, "Tẹ̀ lé wa lọ́jọ́ kan. Tó o bá rí nǹkan tí ò dáa níbẹ̀, mú wọn padà sílé ìwé."

Pópó Àgùdà ni wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Alhaja Àdìjátù jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, ó rí báàgì, ó sì dìde.

"Ẹ kú àbọ̀, ọmọ mi. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Khairiyyah kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ghana ni, mà. Wọ́n dá wa dúró ní bódà títí, ó ti rẹ̀ wá."

Ojú ọmọ náà kò yẹ̀. Afusat ń wò ó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èyí sì ni ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó jáde nílé tirẹ̀.

Alhaja sáré bu omi tútù wá fún wọn. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Mọ̀núrù ọmọ mi lọ́la. Òun nìkan ló kù mí kù. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í dá àdúà arìnrìn-àjò padà. Jọ̀ọ́, bá mi tọrọ ẹ̀mí rẹ̀."

Khairiyyah wo bàbá rẹ̀. Mùtíù mi orí sí i láti ẹ̀yìn fóònù pé kó máa bá a lọ. Ọmọ náà gbọ́wọ́ sókè, ó ṣe àdúà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé kéú, omijé sì ń dà lójú ìyá àgbà. "Àmín, àmín, Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ."

"Àdúà yẹn ti wọnú fídíò!" ni Mùtíù wí. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú síbí ká tún àmín yẹn ṣe. Omijé yín ò hàn dáadáa."

Ọkùnrin wo rèé? Ojú ti Afusat bí ẹni pé wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà. "Màmá, ẹ foríjì wá. A ò ti ibì kankan bọ̀. Ìsàlẹ̀ Gángan níbí là ń gbé."

Alhaja Àdìjátù kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó rọra gbé ojú Khairiyyah sókè. "Ọmọ tó dáa tó báyìí. Ta ló kọ́ ẹ nírú irọ́ yìí?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó nawọ́ sí bàbá rẹ̀.

"Tíṣà wa ni, mà."

Mùtíù ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Afusat wọ yúnífọ́ọ̀mù fún ọmọ méjèèjì níṣojú rẹ̀, ó sì mú wọn padà sílé ìwé.