Ọjọ́ Tí Òkun Gba Apá Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Káfíńtà ni ọkọ mi ní Dùgbẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ létí òkun. Ọmọ Ìbàdàn lèmi, n kò mọ omi kọjá odò tí a ti ń fọ aṣọ. Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, lọ́dún tí a fẹ́ ara wa, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí mi kí ojú òun tó fọ́ tán. A wọ lọ́rì dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ apẹja, ti ń dúró dè wá níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi wọn.

Fún ọjọ́ mélòó kan, orí ọ̀sà la wà. Wọn a máa wa ọkọ̀ lójúmọmọ, bílẹ̀ bá ṣú, a ó sùn sí abúlé ẹ̀bá omi. Nígbà tó yá, koríko dí ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ní ká wọ́ ọkọ̀ gba orí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun bọ́ sójú òkun, pé a ó délé kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ mi ní ìyàwó òun kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn ti ń gba ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó bí i. Ọkọ mi bá wọn wọ́ ọkọ̀ náà, nítorí Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ dàgbà.

Òkun rọ̀ láàárọ̀. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ dìde, ìgbì sì ga ju orí wa lọ. Mò ń bì, mo sì ń fi igbá gbọ́n omi. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára àjẹ̀ tí ọkọ mi fi ń wa ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Omi tó ń wọlé wá ju èyí tí mò ń gbọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n yíjú ọkọ̀ sí etíkun.

“Ìyàwó wa,” ni wọ́n wí, láìgbé ohùn sókè, “bí ọkọ̀ bá dojú dé, má dì í mú o. Ọkọ̀ ló ń pani níbi tí ìgbì ti ń fọ́, kì í ṣe omi.”

Ó dojú dé lóòótọ́. Iyanrìn kún ẹnu mi, n kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Aṣọ ìró mi ni ọkọ mi fi fà mí jáde. Nígbà tí mo lajú, Ẹ̀gbọ́n wà nínú omi, wọ́n di ọkọ̀ mú. Ọkọ mi ń pè wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ náà nìkan ni ohun ìní wọn. Ìgbì gbé e, ó sì fi í lu apá wọn mọ́lẹ̀, egungun apá náà sì fọ́.

Àwọn apẹja ló bá wa gbé wọn délé. Ìyá ọkọ mi, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, fọwọ́ pa ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá bèèrè pé kí ló dé tí àwọn ò gbọ́ ohùn àkọ́bí àwọn.

Wọ́n fi igi di apá náà, ṣùgbọ́n ó ń wú, ó ń rùn. A gbé wọn wá sí Ìbàdàn, dókítà sì gé e. Yàrá wa ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ń gbé lẹ́yìn náà. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa jókòó ti òun níbi iṣẹ́, wọ́n kọ̀. Iwájú ilé ni wọ́n ń wà látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí pé, “Ìyàwó wa, kí lẹ máa ń wò níbí?”

Mo wo iwájú. Òrùlé páànù ló kún ibẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ní àwọn ń lọ ilé. Ọkọ mi sìn wọ́n dé Ẹ̀pẹ́, ó wò wọ́n bí ẹlòmíràn ṣe ń wa ọkọ̀ gbé wọn lọ. Nígbà tó dé, ó mú ayùn, ó sì lọ síbi iṣẹ́ láìjẹun.