Ẹni Tí A Kò Bí Ló Jogún Òdòdó Ọdẹ́wálé

Ọdẹ́wálé ọmọ ìlú Ahoyéyé kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lórí ẹní, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn kan ní Pọ́bẹ̀. Lẹ́yìn ògiri tí ó fi orí tì, ibùsùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, tí wọ́n ta àwọ̀n ẹ̀fọn yí ká, tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé. Ibùsùn tirẹ̀ ni. Wọn kò jẹ́ kí ó dé ibẹ̀.

Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń ṣe mí, kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi pè é ní ìbànújẹ́. Owú ni. Èmi Súbérù, oníṣòwò aṣọ lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ṣàkẹ́tẹ́, àgbàlagbà tí ó ti ní ọmọ-ọmọ, mò ń jowú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Odet Vallet bí ẹni pé ó gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wá wo àyà mi, egungun nìkan ló kù. Ohun tí ó sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé a kò bí Vallet rí. Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìkejì ààlà, níbi tí a ti ń tẹ ìwé ìròyìn yìí, ẹ lè má mọ Ọdẹ́wálé. Ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí i sí. Àwọn fadá ní Àjàṣẹ́ ló kọ́ ọ ní fíólọ́ọ̀nù, ohun orin olókùn tí wọ́n ń fi ọrun ta, wọ́n sì fún un ní orúkọ ìrìbọmi kan tí ó gbà lójú wọn tí kò sì jẹ́ rí. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni ó máa ń wí. "Fadá ò wo ilé wa." Láti ara fíólọ́ọ̀nù ni ó ti bọ́ sí áltò, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n fíólọ́ọ̀nù. Ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wà láàárín: kò ga bí ti àbúrò rẹ̀, kò sì lọ sílẹ̀ bí ti sẹ́lò tí wọ́n ń fi sáàárín orúnkún ta. Orin títa ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní oko, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí yòvó, bí a ti ń pe òyìnbó níhìn-ín, bá ń gbéyàwó, bí Kòmàndáǹ tí ń ṣàkóso agbègbè wa bá ń gbàlejò, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè.

Bí ọkọ̀ ojú irin bá gbé e láti Àjàṣẹ́, òun a bọ́ sílẹ̀ ní Ṣàkẹ́tẹ́ kí ó tó máa lọ sí Pọ́bẹ̀, a sì wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá. Yóò jókòó láàárín àwọn ìdì aṣọ, yóò fa ọrun rẹ̀ yọ, yóò sì máa ta orin. "Ọrun ni bàbá mi ní, ọrun lèmi náà ní," ni ó máa ń sọ, "tèmi kàn ò lè pa ọ̀yà ni." Àríkẹ́ ìyàwó mi, tí kì í dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí mo bá pè é, a fi ògì sílẹ̀ lórí iná, a wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ògì a jóná. Mo máa ń wo Ọdẹ́wálé tìkà-tẹ̀gbin nígbà náà.

"Ẹ̀gbọ́n Súbérù, ẹ má fojú pa mí," ni yóò wí. "Ẹ̀yin lẹ jókòó dí ọ̀nà. Ibo ni mo fẹ́ gbé ìyàwó yín gbà?"

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò dúró sídìí fíólọ́ọ̀nù tí gbogbo ayé ń gbọ́. Ó ní, "Ohùn àárín ni áltò, ẹ̀gbọ́n. Tó bá ń dún, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó dìgbà tó bá dákẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé òpó ilé ti wó." N kò mọ̀ pé ara rẹ̀ ni ó ń sọ.

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí Vallet ṣe dáyé. Ní gbogbo oṣù kẹjọ, nígbà fàkánsì, ìsinmi àwọn Faransé, tí òjò bá sinmi díẹ̀, ìgbìmọ̀ kan tí àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé dá sílẹ̀ a máa pe àwọn olórin láti Paris wá sí Pọ́bẹ̀. Àjọ̀dún orin ni wọ́n pè é. Kì í ṣe orin ẹgbẹ́ ńlá; orin ẹni mẹ́rin nínú yàrá ńlá kan ni, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àwọn ọ̀pẹ. Fíólọ́ọ̀nù méjì, áltò kan, sẹ́lò kan. Ní ọdún 1932, ẹni mẹ́ta ló wọkọ̀ ojú omi wá. Aláltò wọn gbọ́ nípa ibà, ó dúró sí ilé ìyá rẹ̀. Ọdẹ́wálé ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀.

Màdáàmù tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ dìde láti fi àwọn olórin han àwọn àlejò. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin, ó bi í léèrè orúkọ. Ó ní, "Ọdẹ́wálé." Etí Faransé ni etí Màdáàmù. Ohun tí ó gbọ́ ni "Odet Vallet," tí àwọn Faransé ń pè ní Odé Valé láìjẹ́ kí t ìparí dún, orúkọ tí àwọn èèyàn abúlé bàbá tirẹ̀ ń jẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi igbe kéde rẹ̀, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Akọ̀ròyìn tí ó wà ní Kútọnu, tí kò wá síbi orin náà rárá, gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síta pé ọmọ Faransé kan, Odet Vallet, ta áltò ní Pọ́bẹ̀ bí áńgẹ́lì.

Ṣé àṣìṣe ni? Ní ọdún kìíní, àṣìṣe ni. Ní ọdún kejì, àwàdà ni. Ní ọdún kẹta ńkọ́? Ọdẹ́wálé dúdú bí èmi. Gbogbo àwọn tí wọ́n jókòó nínú yàrá yẹn ló ní ojú. Kí ló dé tí kò sí ẹnìkan tí ó sọ pé "Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ Ahoyéyé ni ọkùnrin yìí"? Ẹ jẹ́ kí n dá ara mi lóhùn. Àwọn tí wọ́n ń rán olórin wá láti Paris kò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn wọn bá ọmọ ìbílẹ̀ jókòó ta orin kan náà. Vallet wúlò. Vallet kò fa wàhálà. Berthe, ará Paris tí ń ta sẹ́lò, ni ó sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ pé òun kò tí ì bá ẹni tí ó ní etí bẹ́ẹ̀ ta orin rí. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ìyìn náà jáde, wọ́n sì fi fún Vallet.

Owú mi bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo bá Ọdẹ́wálé wí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Vallet máa jẹ orúkọ, èmi ń jẹ iyán." Mo ní orúkọ tí Vallet ń jẹ yẹn, tìrẹ ni, kì yóò sì yó. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Lọ́dún tó kọjá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún nígbà tí wọ́n ń dánrawò. Ó ṣubú kúrò lórí àga. Ìgbìmọ̀ ní mọ́tò, ṣùgbọ́n mọ́tò ti lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti gbé yìnyín tí àwọn àlejò yóò fi mu ọtí. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n gbé e lọ nínú àwọ̀n àgbésùn tí wọ́n fi ọ̀pá rù, ìyàwó rẹ̀ Jádesọ́lá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màdáàmù ti ránṣẹ́ ṣáájú sí ilé-ìwòsàn pé Mìsọ́ọ̀ Vallet ń bọ̀, kí wọ́n tọ́jú ibùsùn dè é, kí wọ́n sì pe dókítà. Ẹ ò rí i? Ó ti pe orúkọ náà títí, ó ti gbàgbé pé òun ló dá a.

Fádèyí ọmọ ìlú Tówé ló ń ṣọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ilé-ìwòsàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé aláìsàn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jádesọ́lá ní, "Wọ́n mà ní ibùsùn ti wà nílẹ̀."

"Ibùsùn wà, ìyàwó wa, ṣùgbọ́n ti yòvó ni. Wọ́n ní ti Mìsọ́ọ̀ Vallet ni."

Ọdẹ́wálé gbé orí díẹ̀. "Fádèyí, èmi mà ni Vallet."

Fádèyí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, inú ń run yín, ẹ tún ń dápàárá. Ṣé èmi ò mọ̀ yín ni? Bàbá yín ló pa ẹfọ̀n tí wọ́n jẹ nígbà ìkómọ mi. Ọdẹ́wálé lẹ̀ ń jẹ́. Tí yòvó yẹn bá wá dé tó bá yín lórí ibùsùn rẹ̀, iṣẹ́ mi ti lọ nù-un."

Ẹ kò ní rí irú àṣìṣe yìí ní ilẹ̀ mìíràn. Nítorí pé Fádèyí mọ̀ ọ́n, mọ bàbá rẹ̀, mọ ìdílé rẹ̀, ni kò fi lè gbà á wọlé. Àlejò ì bá ti rí ibùsùn.

Dókítà sáré dé. Dókítà tuntun ni, kò tí ì gbọ́ orin kankan ní Pọ́bẹ̀. Ó gba àárín àwọn tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó wọ yàrá, ó rí ibùsùn lófìfo. Ó ní ṣé Mìsọ́ọ̀ Vallet kò tí ì dé ni. Wọ́n ní kò tí ì dé. Ó fa àga, ó jókòó dè é. Ó jókòó dè é o, ẹ̀yin èèyàn! Ẹni tí ó ń dúró dè ń kérora lẹ́yìn ògiri, Jádesọ́lá ń fi ìborí rẹ̀ nu òógùn ojú rẹ̀, dókítà sì ń wo aago ọwọ́ pé irú aláìsàn wo ló ń pẹ́ tó báyìí. Nígbà tí ó fi dìde láti máa lọ, Ọdẹ́wálé ti kú.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ahoyéyé, a sin ín sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tí ó wá. Ṣùgbọ́n Vallet! Ẹ wá wo ìsìnkú! Ìwé ìròyìn Kútọnu kọ ọ́ pé oòrùn Dàhòmẹ̀ ti pa ọmọ Faransé rere kan. Wọ́n ṣe mẹ́ẹ̀sì, ìsìn òkú àwọn fadá, fún un ní Àjàṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ òkúta funfun fún un ní ibi tí wọ́n ń sin àwọn yòvó sí, kò sì sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ òkúta náà. Òdòdó bò ó mọ́lẹ̀. Mo dúró síwájú òkúta yẹn, èmi ìmàle, mo sì jowú rẹ̀ débi tí eyín mi fi ń ro mí.

Mo lọ sí mẹ́ẹ̀sì náà. Mo dúró lẹ́yìn pátápátá. Fadá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá arúgbó tí ń sunkún Odet ní Faransé. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran; mo rí Màdáàmù níwájú, ó fi aṣọ dúdú bojú. Jádesọ́lá wà níta, wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Mo jáde lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n ń sunkún fún?"

"Ọkọ rẹ ni."

"Ọkọ mi kọ́. Ìyá ọkọ mi ń bẹ nílé, èmi ni mo po ẹ̀kọ fún un mu láàárọ̀ yìí."

Nígbà tí mẹ́ẹ̀sì parí, ó bẹ ẹni tí ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ó fún òun ní òdòdó kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lò ń fọ aṣọ fún Mìsọ́ọ̀ Vallet ni?"

Jádesọ́lá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀." Wọ́n fún un ní òdòdó kan.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àṣé kò tí ì parí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màdáàmù bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ṣàkẹ́tẹ́, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Àjọ̀dún orin ti súnmọ́lé, kò sì ní aláltò. Wọ́n ti sọ fún un pé obìnrin kan tí Ọdẹ́wálé kọ́ ní orin ń bẹ lọ́dọ̀ wa, tí Jádesọ́lá ti gbé áltò olóògbé fún. Mo ránṣẹ́ pe obìnrin náà. Ó wá, ó gbé áltò náà dání. Màdáàmù rẹ́rìn-ín sí i, ó bi í léèrè orúkọ.

"Ọmọ́báyọ̀."

"Aumont Bayot!" ni Màdáàmù wí, ó pàtẹ́wọ́. "Orúkọ yẹn mà dára o!"

Ọmọ́báyọ̀ kò bínú. Ó fi Faransé tí ó já geere dá a lóhùn pé, "Rárá, Màdáàmù. Ẹ fetí sílẹ̀. Ọmọ́-bá-yọ̀." Màdáàmù tún rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ọmọ́báyọ̀ gbé áltò náà, ó tì í sẹ́yìn àwọn ìdì aṣọ mi, ó sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, àti ìwọ Kòmàndáǹ tí o máa ń jókòó sí ìjókòó iwájú, ẹ má wá mi wá nípa Fádèyí. Wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, a ti gbọ́. Ẹni tí ó ṣọ́ ilẹ̀kùn lẹ lé. Ẹni tí ó sọ pé kí dókítà dúró de Vallet ńkọ́? Ẹni tí ó jẹ́ kí a ka mẹ́ẹ̀sì lé òfìfo lórí, tí ó mọ̀, tí ó fi aṣọ dúdú bojú, ìyà wo lẹ fi jẹ ẹ́? Ẹ fà á lọ síwájú adájọ́, bí ẹ ti ń fa àwa tí a kò bá san owó orí. Ẹ wú òkúta yẹn. Lẹ́yìn náà kí Màdáàmù dúró ní yàrá ńlá yẹn, níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ tí ẹ sì dákẹ́, pẹ̀lú Jádesọ́lá lórí ìjókòó iwájú, kí ó pe Ọdẹ́wálé bí wọ́n ti ń pè é nílé, kí ó sì sọ ohun tí òun ṣe fún un. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọsẹ̀, kí ó tún un pè. Títí di ọjọ́ náà, ẹ máa ta orin yín ní ẹni mẹ́ta.