Alárinà Tó Bọ́ Sínú Jìtá

Kò sí ẹni tó mọ Gérard Ògúnyínká ní Atakpamé, nílẹ̀ Tógò, tí kò mọ ìtàn Ọjọ́ Ìsinmi tí alárinà bọ́ sínú jìtá. Fada ń wàásù lọ́wọ́ ní Faransé, gbogbo ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́, Gérard sì dojú jìtá dé sórí orúnkún, ó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Fada na ìka sókè, ó ní, "Alárinà kan ṣoṣo la ní!" Gérard dáhùn láàárín àwọn akọrin, "Òótọ́ lẹ sọ, Fada! Ọ̀kan ṣoṣo náà ni, ó sì ti bọ́ sínú jìtá!"

Kì í ṣe pé ó fẹ́ dá ìjọ láàmú. Pélébé kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn jìtá, médiatọ̀ làwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é, Alárinà inú Bíbélì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní orúkọ kan náà lẹ́nu wọn. Lójú Gérard, ọ̀rọ̀ kan ni méjèèjì. "Ohun tó dúró láàárín ìka àti okùn," ni yóò bi ọ́, "bí kì í bá ṣe alárinà, kí ni?"

Ìwo màlúù ló fi ń ṣe tirẹ̀. Mùkáílà alápatà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mùsùlùmí tí bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ló ń bá a tọ́jú ìwo. Èyí tó bọ́ lọ́jọ́ náà kò jáde mọ́. Wọ́n gbọn jìtá títí, wọ́n fi wáyà wá a, kò yọjú. Bí Gérard bá ti ń rìn, yóò máa ró kó, kó, kó nínú jìtá. "Alárinà wà nílé," ni yóò wí, yóò sì gbẹ́ òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń dì í mú gan-an ni ìjà rẹ̀. Elvis, olórí akọrin, ń fi ìka mẹ́ta dì í.

"Elvis, ṣé jìtá lo fẹ́ ta, àbí iyọ̀ lo fẹ́ bù sọ́bẹ̀?"

"Fofo," ni Elvis wí, bí àwọn Ewé ṣe ń pe àgbà ọkùnrin, "bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi ní Lomé."

"Á jẹ́ pé ọbẹ̀ Lomé níyọ̀ gan-an."

Ní ti Gérard, ìka ìfábẹ̀lá ni kó ká sínú bí ìgbín tó wọ ìkarahun. Kí alárinà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àtàǹpàkò bò ó, kí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan máa yọjú. Bí o bá ń ta á lọ́wọ́, yóò gba ẹ̀yìn rẹ wá, yóò fà á. Bó bá tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́, "O ò dì í mú." Bí kò bá wá rárá, "O ti pa á." Ó ní ó gbọ́dọ̀ lọ́ra wá ni, bí ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Ìgbà yẹn ni yóò sọ pé, "Ó ń mí."

Justine, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kò gbọ́ "Ó ń mí" rí. Láti ìgbà tó wà ní kékeré títí ó fi di olùkọ́, "O ti pa á" ni. Ó máa ń dì í bí ẹni mú olè. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní Pàpá ti tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọra.

Gérard a máa mú un lọ sí Kamina, sáàárín àwókù ibi tí àwọn Jámánì ti ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un láìsí wáyà, kí ogun tó bà á jẹ́.

"Justine, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn, ṣé ó ti dé ibi tó ń lọ?"

"Pàpá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Rọra dì í mú, wàá gbọ́ wọn."

Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó ta okùn kan ṣoṣo. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Orí Justine wú. Gérard ṣí fìlà, ó kí i bí àwọn Jámánì ṣe ń kíni láàárọ̀, "Gúútìn Mọ́gìn!"

"Wa aleikum sàlámù!" ni ohùn náà dáhùn, Mùkáílà sì yọ síta, okùn lọ́wọ́, ó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wálé. Ìgbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà ni Mùkáílà fà mọ́ Justine, ó ní jẹ́jẹ́, "Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo wúkọ́ o."

Nígbà tí Gérard kú lọ́dún tó kọjá, àwọn tó wẹ̀ ẹ́ fẹ́ fi rosárì sí i lọ́wọ́. Wọ́n na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ó ká padà. Wọ́n tún nà á, ó tún ká. Elvis ń bẹ̀ ẹ́, "Fofo, ẹ jọ̀ọ́." Mùkáílà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dì í bó ṣe mọ̀ ọ́n dì." Wọ́n fi àgbélébùú orí rosárì sáàárín ìka náà àti àtàǹpàkò, ó sì dúró síbẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló yọjú. Àwọn tó wá dárò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà náà, jìtá Gérard tó wà lára ògiri ilé Justine a máa ró láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kó, kó. Justine ní eku ni. Síbẹ̀, bó bá ti ró, yóò dáhùn pé, "Pàpá, mo gbọ́."

Wọ́n ní òun ni yóò fi jìtá náà ta orin tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, níbi Mísà ìrántí ọdún kan. Ẹ̀rù bà á. Bó bá pa á lójú gbogbo Atakpamé, ẹnu wo ni yóò fi pe ara rẹ̀ lọ́mọ Gérard?

Ẹsẹ kìíní gbẹ bí igi ìdáná. Ọwọ́ rẹ̀ le koko. Bó ṣe bọ́ sí ẹsẹ kejì, ó gbóòórùn ìwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ sì dẹ̀. Nǹkan fa alárinà láti ẹ̀yìn. Justine kò bá a jà, kò sì jù ú sílẹ̀. Alárinà lọ́ra, ó lọ́ra, ó sì lọ. Justine bojú wẹ̀yìn: ògiri nìkan ló wà níbẹ̀. Ó fi ìka lásán ta ìyókù orin náà, kò sì ṣì í. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí a bá mojú ìyàwó tán, alárinà a yẹ̀ba.

Lẹ́yìn Mísà, wọ́n wá alárinà náà lórí ilẹ̀ títí, wọn ò rí i. Elvis ní bóyá inú jìtá ló bọ́ sí. Ó dojú rẹ̀ dé, nǹkan sì já bọ́. Kì í ṣe ti Justine. Ògbólógbòó ìwo dúdú ni, èyí tó bọ́ sínú rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi ọjọ́sí. Elvis fẹ̀yìn rìn. Wọ́n gbọn jìtá, kò ró mọ́.

"Mélòó ló wà níbẹ̀?" ni Fada béèrè.

"Ọ̀kan ṣoṣo náà ni, Fada," ni Justine wí.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mùkáílà dúró lábẹ́ máńgòrò níta. Justine lọ bá a, ó ká ìka, ó fi àtàǹpàkò bo ìwo náà. "Bàbá Mùkáílà, ẹ bá mi fà á."

Mùkáílà, tí kò fọwọ́ kan okùn jìtá rí, fà á. Ìwo náà lọ́ra díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé e.

"Kò fẹ́ wá," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ó wá."

Justine jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ń pa á, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ó kọjú sí apá Kamina.

"Pàpá," ni ó wí, "ó ń mí."