Ọjọ́ Tí Mo Gbé Igbà Ọ̀pẹ Lọ Gun Òkúta

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹnì kankan kò rò ó fún mi. Ọjọ́ tí mo mú tíṣà yunifásítì kan lọ síbi òkúta ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Lásìkò ọ̀wọ́n epo ayé ológun ni obìnrin náà kó láti Jọ́ọ̀sì wá sí Rẹ́mọ. Òkúta gígun ni eré tirẹ̀, ó wá òkúta títí, kò rí. Ó wá bá mi ní Àkàkà, torí akọpẹ ni mí, kò sí ọ̀pẹ tó ga jù fún mi. Mo mú un lọ sí kòtò kan tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó gun ògiri òkúta náà bí alángbá, ó sì so okùn mọ́ igi lókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ju okùn sí yín.”

“Ẹ fi okùn yín pamọ́, tíṣà! Mo ti ń gun ọ̀pẹ kí wọ́n tó bí yín!”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ara ọ̀pẹ àti ìbàdí akọpẹ ni igbà máa ń yí ká, òkúta kò sì ní ẹ̀yìn. Mo fi igbà mi kọ́ gongo òkúta kan. Bí mo ṣe dé àárín, gongo já, igbà bá a lọ. Mo fi ọwọ́ rọ̀ dirodiro mọ́ ara òkúta, mo ń ké pe ìyá mi tó ti kú. Tíṣà ju okùn rẹ̀ sí mi láti òkè.

“Ẹ má wo ilẹ̀! Ẹ ti apá bọ okùn!”

Ó ń fà, mo ń fẹsẹ̀ ta, títí mo fi gòkè. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Bí mo bá ń ka àwọn tó mọ ohun gíga gùn ní Rẹ́mọ lónìí, orúkọ rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ dá, kí n tó dá tèmi.

Igbà kan, fìlà kan àti èékánná ẹsẹ̀ méjì ni mo pàdánù.