Ìlà Pupa Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n lè fìyà jẹ láìwádìí ọ̀rọ̀, ilé wa nìkan ni kọ̀ǹpútà wà ní gbogbo àdúgbò wa ní Òkìtìpupa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nígbà náà, ẹ ó rántí pé ohun tí kò bá ti sí nílé ẹlòmíràn, bí ọba ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nílé ẹni tó ni ín. Bàbá mi, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama, ló ra tòkunbọ̀ náà wá láti Èkó. Wọ́n gbé e sí yàrá àlejò, wọ́n fi aṣọ ìbòrí àga bò ó, wọ́n sì ṣòfin lé e lórí. A kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọ yàrá náà. A gbọ́dọ̀ fọwọ́ kí a tó wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà níbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ níbì kan pé àìsàn kan tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì máa ń pa kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbà tọkàntọkàn pé inú eruku ni àìsàn náà ń gbé. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì nìyẹn o.

Màmá mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ roboto tí a ń fi èéfín yan, ni màmá mi ń ṣe tà. Èmi ló máa ń bá wọn ha ẹ̀yìn dúdú tí èéfín bá fi sára púpurú, eruku rẹ̀ á kún ihò imú mi, aṣọ ilé-ìwé mi á sì máa rùn bí ààrò. Kí púpurú tó débi èéfín, a ó kọ́kọ́ ru ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fún omi rẹ̀ dànù. Ibẹ̀ ni àpò obìnrin mẹ́wàá ti máa ń gun ara wọn lórí, gbogbo wọn rí bákan náà. Nítorí náà, olúkúlùkù a máa rán òwú aláwọ̀ sí etí kan àpò rẹ̀, etí kan ṣoṣo, gbogbo òwú náà á sì kọjú sí ọ̀nà. Pupa ni ti màmá mi. Bí mo bá gbé àpò sódì, orí mi á gba ìkó. Wọ́n á ní àpò tó bá kọ̀yìn sọ́nà, ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn níta títí aago mẹ́wàá yóò fi lù, bàbá mi máa ń ṣe bí ẹni pé gómìnà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá wo gọ́tà wa. Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, àwa ọmọ kó ẹrọ̀fọ̀ gọ́tà títí ẹ̀yìn fi ro wá. Bàbá mi fi ẹfun kun òkúta iwájú ilé ní funfun, iṣẹ́ tí wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá àwọn ṣe. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi nìkan wọ yàrá àlejò, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ka ìwé ìròyìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bọ́sẹ̀, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti parí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń fọ epo pupa ní Ẹrínjẹ ló ń kọ, oṣù mẹ́ta gbáko ló sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó tan ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà hó, ojú rẹ̀ dúdú, ó wá kọ lẹ́tà funfun síbẹ̀ pé òun kò rí díìsì kankan. Kò mọ èyí tó wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iṣẹ́, kò mọ ihò tí à ń ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀, díìsì pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé iṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́nu ihò náà, tó máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, tàn gbọnrangandan, kò sì kú mọ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ pa á, ó tún un tàn, léraléra. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ó fi iṣẹ́ náà lélẹ̀, bí kò bá sì lè fi í lélẹ̀, ọdún kan gbáko ni yóò tún lò. Kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Bàbá mi ti fòfin de dísíkẹ́ẹ̀tì pé fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń gbé bọ̀ láti ìta.

Bàbá mi dìde bí adájọ́, wọ́n bèèrè ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, wọ́n sì kọ́kọ́ wẹ ara wọn mọ́.

“Èmi kò fọwọ́ kàn án,” ni wọ́n wí.

Èèpo ẹ̀pà kan ṣoṣo ni wọ́n rí lábẹ́ tábìlì. Èmi ni mo jẹ ẹ̀pà náà, n kò sì purọ́. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, tí mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, tí mo di ojú, tí òórùn ọbẹ̀ ń gba iwájú mi kọjá lọ bá àwọn tí kò ṣẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé Àǹtí Bọ́sẹ̀ náà gbà pé èmi ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì ń wò mí bí ẹni ń wo eku tó jẹ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni bàbá mi ránṣẹ́ pe ẹnìkan ní Ìlútítun tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹnjiníà. Rédíò ló ń tún ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ó gun ọ̀kadà wá, ó wọ táì, ó sì jẹ púpurú òkèlè ńlá pẹ̀lú ẹja méjì kí ó tó wo ẹ̀rọ. Nígbà tó wò ó, kò ṣí i. Ó ní ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í la ikùn aláìsàn kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó fi etí lé e, ó kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kókó, ó ní fáírọ́ọ̀sì ti jẹ gbogbo díìsì inú rẹ̀, àti pé bí òun kò bá nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nù pátápátá, kò ní dìde mọ́. Bàbá mi mi orí. Àgbàlagbà méjì tí wọn kò mọ nǹkan kan, wọ́n ń mi orí sí ara wọn. Àǹtí Bọ́sẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fi ìró bojú, ó ń sunkún.

Ẹkún yẹn ló mú màmá mi wọlé láti ibi ààrò. Wọ́n fọwọ́, wọ́n bọ́ bàtà, gẹ́gẹ́ bí òfin. Wọ́n ní kí Ẹnjiníà kọ́kọ́ ṣí ohun tó fẹ́ nù náà kí àwọn rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹja màmá mi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó tú u. Màmá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá nawọ́ sí okùn pẹlẹbẹ méjì tó so àwọn díìsì mọ́ pátákó ńlá inú rẹ̀.

“Ọghọ́ kan ti débí,” ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń pe ọwọ́ ní ohùn Ìkálẹ̀ tiwọn.

Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ Ẹnjiníà ìdí tí okùn kọ̀ọ̀kan fi ní ìlà pupa ní etí kan ṣoṣo. Ó ní ẹwà ni. Màmá mi ní kò sí ẹni tó ń ṣe ẹwà sínú àpótí irin tí ojú ènìyàn kò tó. Wọ́n fi hàn án pé a kọ nọ́ńbà oókan kékeré sára pátákó náà níbi tí orí okùn kọ̀ọ̀kan ti wọ̀ ọ́, àti pé ìdàkejì oókan náà ni pupa wà. Àpò tó kọ̀yìn sọ́nà ni. Wọ́n ní kí ó yí wọn padà. Ó kùn pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìyí, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn okùn náà, ó yí wọn. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, iná aláwọ̀ ewé náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú, díìsì inú rẹ̀ ń kùn bí oyin. Iṣẹ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀ wà níbẹ̀ láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn. Ẹnjiníà ní fáírọ́ọ̀sì ti sá nígbà tó gbúròó òun.

Mo sún mọ́ ọn láti wo okùn náà. Ìtẹ̀ka kan wà lára rẹ̀, ó tóbi, ó funfun bálau. Ẹfun ni. Ènìyàn kan ṣoṣo ló fọwọ́ kan ẹfun nílé wa ní Sátidé náà, ẹni tó gbà pé inú eruku ni àìsàn kọ̀ǹpútà ń gbé. Màmá mi ti rí i ṣáájú mi, wọ́n wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo àjà bí ẹni ń ka pákó rẹ̀. Wọ́n ní kò burú, ó ṣáà ti ṣiṣẹ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ fà mí mọ́ra, ó ní kí n má bínú. Bàbá mi kò sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà, wọn kò sì sọ ọ́ ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e. Inú bí mi sí wọn fún ìgbà pípẹ́, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Nísinsìnyí, ọmọ ọdún mẹ́ta ń fi fóònù ṣeré. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́, wọn kì í ṣí i mọ́, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra òmíràn, ìtẹ̀ka ẹni tó bà á jẹ́ á sì bá a lọ sí ààtàn. Àwọn ọmọ wa kò kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀pà rí. Àmọ́ àwọn Ẹnjiníà kò tíì tán, wọ́n kàn pọ̀ sí i ni, wọ́n ṣì ń wọ táì.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí bàbá mi ní Òkìtìpupa. Ọdún kẹrin tí màmá mi kú nìyẹn. Wọ́n gbé fóònù wọn lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kò rí káàdì tí àwòrán màmá mi wà lórí rẹ̀ mọ́. Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Wọ́n ní, “Èmi kò fọwọ́ kàn án.”

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti fi káàdì náà sí i sódì. Mo yọ ọ́, mo fi hàn wọ́n. Mo ń retí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti orí sìmẹ́ǹtì ọjọ́sí. Bàbá mi wo àjà pẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ ojú kalẹ̀, omi ti kún un.

“Ìyá rẹ ì bá ti rí i,” ni wọ́n wí.