Ìṣẹ́jú Kan Tí Wọ́n Fún Mi Láti Sọ̀rọ̀ Òjò

Ìkíni ló gba ọ̀rọ̀ òjò lẹ́nu mi lónìí.

Wọ́n pe àwa àgbẹ̀ sí gbọ̀ngàn kan ní òpópónà Adébáyọ̀ ká wá sọ ohun tó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ ṣèwádìí lé lórí nípa ojú ọjọ́. Àgbàdo mi ti gbẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kí wọ́n wádìí ìgbà tó yẹ ká máa gbìn.

Ìṣẹ́jú kan lẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Kíkí alága àtàwọn olóyè ni àwọn tó ṣáájú mi fi ń lò ó tán. Inú ń bí mi.

Ó kàn mí. Bí mo ṣe gba máìkì, mo rí bàbá ìyàwó mi níwájú. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi.

Kí n tó dìde, obìnrin tó ń darí ètò ní: “Ẹ ṣé, sà. Àsìkò yín ti pé.”

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ò ní dọ̀bálẹ̀?